Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe géèmù, kò sì ṣiṣẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ wa ní kí àwa márùn-ún jọ ṣe géèmù kan, máàkì rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀kan nínú wa ń ya àwòrán, ọ̀kan ń ṣe orin, àwa mẹ́ta ń kọ kóòdù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a fi fláàṣì kó gbogbo rẹ̀ jọ: kò ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ẹnì kan sì pòórá. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ó dùn mí. Kò sí ọ̀lẹ nínú yín. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó kó iṣẹ́ pọ̀ ni.

Ẹ fi àwòrán sílẹ̀ ná. Ẹ fi àpótí pupa ṣe ọ̀tá, ẹ fi àpótí búlúù ṣe ẹni tó ń sá fún un, kí ẹ ṣe ìpele kan ṣoṣo tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Bí kò bá dùn ún gbá pẹ̀lú àpótí lásán, àwòrán tó rẹwà kò ní gbà á là. Bí ẹ bá ti kọ ìpele mẹ́wàá sínú ètò yín, ẹ gé e. Inú Narbacular Drop, géèmù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ DigiPen ní Amẹ́ríkà, ni géèmù Portal tí ilé-iṣẹ́ Valve gbé jáde ní 2007 ti wá. Èrò kan péré ló gbé ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró: èèyàn á gba ihò kan wọlé, á gba òmíràn jáde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú fláàṣì. Ẹ lo Git, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí ẹ bá ṣe sí iṣẹ́ yín, èyí tí Linus Torvalds ṣe ní 2005. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè fi padà sí iṣẹ́ àná. Ibi tó ti ń dá ìjà sílẹ̀ nìyí o: Git lè so kóòdù ẹni méjì pọ̀, torí ìlà dé ìlà ló ń kà á. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwòrán tàbí ohùn. Bí ẹni méjì bá tún àwòrán kan náà ṣe, ẹ ó mú ọ̀kan, ẹ ó ju èkejì nù. Nítorí náà, kí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tó ni ín, kí ẹlòmíràn tọrọ àyè kó tó fọwọ́ kàn án. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kó iṣẹ́ pọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ fún ẹni tí kò sí nínú yín ní géèmù náà gbá. Ẹ panu mọ́, kí ẹ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń dúró.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, àtúnṣe nìkan. Ṣùgbọ́n lọ́la, ẹ lọ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gé fún olùkọ́ yín, kí ẹ sì bi í pé irú kọ̀ǹpútà wo ló máa fi yẹ iṣẹ́ yín wò. Orí irú rẹ̀ ni kí ẹ ti máa dán an wò.