Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n katakata kékeré kò kúrò lójú kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọgbà àgbọn ni mo ń bójú tó ní ìhà Ajárà, ní Badagry. Katakata kékeré tí a fi ń gé koríko, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ pé pẹ́dàlì ni a ń tẹ̀ kó tó lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, ṣàdédé dúró láàárín ọgbà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tì í wá sábẹ́ àtíbàbà. Mẹkáníìkì tan ẹ́ńjìnì, ó tẹ pẹ́dàlì, kò lọ. Ó ní gíábọ́ọ̀sì ti kú, pé kí á da ọ́ìlì gíà tó ki sí i ná. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra ọ́ìlì kankan. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ni bí wọ́n ṣe rí ẹ̀rọ náà tì dé abẹ́ àtíbàbà.

Gíábọ́ọ̀sì irú ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n ń pè ní hydrostatic, ọ́ìlì ló fi ń ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì ń yí pọ́ǹpù kan nínú rẹ̀, pọ́ǹpù ń fi agbára ti ọ́ìlì, ọ́ìlì yìí ló sì ń yí mọ́tò tó ń gbé táyà ẹ̀yìn. Nítorí pé ọ́ìlì há síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kì í ṣeé fọwọ́ tì bọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i, tó sábà máa ń wà lẹ́yìn, nítòsí táyà. Lára àwọn kan, fífà ni wọ́n ń fà á. Lára àwọn mìíràn, títì ni, kí ọ́ìlì lè rí ọ̀nà mìíràn gbà. Bí a kò bá dá ọ̀pá yìí padà sí ipò rẹ̀, ẹ́ńjìnì lè máa bú ramúramù di alẹ́, táyà kò ní yí. Ó ṣeé ṣe gan-an pé bẹ́ẹ̀ ló wà nígbà tí mẹkáníìkì yín ń tẹ pẹ́dàlì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa gíábọ́ọ̀sì, ó kàn ti dá a lẹ́jọ́ ikú ni.

Ti ọ́ìlì tó ki yẹn ló bí mi nínú jù. Àwọn ènìyàn rò pé ọ́ìlì tó ki á dí àlàfo ibi tó ti jẹ. Nínú gíábọ́ọ̀sì onígíà lásán, ó lè mú ariwo rẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ti ń gbé agbára gba inú ihò tóóró, ẹ óò kàn fún pọ́ǹpù lọ́rùn ni. Gíábọ́ọ̀sì K46 tí ilé iṣẹ́ Tuff Torq ṣe, ọ́ìlì 10W-30 ni wọ́n ní kí a lò (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó). Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ Hydro-Gear, 20W-50 ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni méjèèjì. Ìwé ẹ̀rọ yín ni kó sọ tiyín, kì í ṣe ẹni tó ń ta ọ́ìlì.

Ohun tó kọ́kọ́ dá a dúró nínú ọgbà ńkọ́? Bẹ́líìtì ni mo fura sí. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ wáyà orí pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì bá ń dán, tí ìyẹ̀fun dúdú bá yí púlì ká, ó ti ń yọ̀ nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá fọ́nrán èèpo àgbọn ti wé mọ́ púlì kékeré tó ń fún bẹ́líìtì le, àti bóyá sípíríǹgì rẹ̀ ti já, nítorí atẹ́gùn òkun ní agbègbè yín kì í jẹ́ kí irin pẹ́. Ẹ má fi bẹ́líìtì ọkọ̀ tó kàn jọ ọ́ dípò rẹ̀.

Mẹkáníìkì lè jàre bí ẹ̀rọ bá ń lọ dáadáa nígbà tó tutù, tí agbára rẹ̀ ń tán bó bá ti gbóná, tí bẹ́líìtì àti ọ̀pá sì wà bó ṣe yẹ. Ìyẹn ni ọ́ìlì tó ti gbó tàbí pọ́ǹpù tó ti jẹ. Pípààrọ̀ ọ́ìlì náà kì í ṣe iṣẹ́ ojú ọ̀nà: ọ̀pọ̀ àwọn kékeré kò ní ihò tí wọ́n ti ń fa ọ́ìlì dànù, sísọ̀ ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ lé atẹ́gùn jáde nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn lókè lórí igi tó dúró dáadáa, kì í ṣe lórí jáàkì nìkan.

N kò fojú rí ẹ̀rọ yín, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi dípò ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bí ẹ bá dá ọ̀pá padà, tí bẹ́líìtì sì dára, tí kò tún lọ, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára gíábọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ bóyá ọ̀pá ìdí táyà ń yí nígbà tí táyà fúnra rẹ̀ dúró, nítorí irin kékeré tó so wọ́n pọ̀ lè ti bọ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.