Ṣé oyin lè rọ́pò oògùn inú gbòǹgbò eyín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Wọ́n ṣí eyín ẹ̀yìn mi nísàlẹ̀ ní ọsibítù l'Ádó, wọ́n foògùn sí i, wọ́n fi símẹ́ǹtì dí i, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbọ́ pé ẹ̀yà bíliìṣì ni omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Màmá mi ní kí n họ símẹ́ǹtì náà kúrò, kí n fi ojúlówó oyin àti omi orin ata sí i. Ṣé ó dáa? — Òǹkàwé, Ìkéré-Èkìtì

Ìdáhùn: Ẹ má họ ọ́ o. Ẹ bá mi kí màmá. Wọn ò parọ́ mọ́ orin ata. Nínú àwo àyẹ̀wò, ó ń pa kòkòrò ẹnu. Propolis, oje igi tí oyin fi ń dí ihò ilé rẹ̀, tilẹ̀ ń pa Enterococcus faecalis, kòkòrò alágídí tó máa ń sá pamọ́ sínú gbòǹgbò.

Ṣùgbọ́n eyín kì í ṣe àwo. Irú eyín tiyín yìí sábà máa ń ní ihò gbòǹgbò mẹ́ta, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, òmíràn sì wọ́. Ẹran tó ti kú ló wà níbẹ̀. Sodium hypochlorite, omi tí a fi ń fọ inú eyín, láti 0.5 dé 5.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń yọ́ ẹran náà kúrò. Oyin àti propolis kò lè yọ́ ọ. Ẹran tó bá sì ṣẹ́kù, oúnjẹ kòkòrò ni. Bíliìṣì ni lóòótọ́: ìdí nìyẹn tí a fi ń fi rọ́bà ya eyín náà sọ́tọ̀, tí ẹnu abẹ́rẹ́ kì í fi í dé òpin gbòǹgbò, ó máa ń ku bíi mílímítà 2. Bó bá tú jáde nísàlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi tilé dán an wò láé.

Oyin inú ihò tó ṣí, itọ́ ni yóò là á. Agbára á lọ, ṣúgà á kù. Propolis sì ń yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, torí igi tí oyin bá rí ló ń lò. Ara ẹlòmíràn sì kọ̀ ọ́, ẹnu rẹ̀ á wú.

Oògùn inú eyín yín ṣeé ṣe kó jẹ́ calcium hydroxide, tó ń fẹ́ tó ọjọ́ 7 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí itọ́ bá wọlé, a ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. (Tí igi bá wu màmá, gutta-percha tí a ó fi dí i níkẹyìn, oje igi láti ìhà Malaysia ni, òróró kànáfùrù sì wà nínú ọ̀pọ̀ símẹ́ǹtì wa.)

Ẹ fi orin ata rin eyín yòókù, kó má kan símẹ́ǹtì. Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹun. Ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó láti fi yọ ẹnu. Bí símẹ́ǹtì bá ṣí, ẹ padà lọ́jọ́ kejì, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ibà dé, tí itọ́ ṣòro mì, ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ náà ni.