Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ láago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán

Àbúrò mi, o ní láti oṣù kọkànlá tí o ti dé Aberdeen ní Scotland ni ara rẹ ti wúwo. O ń sùn wákàtí mẹ́wàá, síbẹ̀ oorun kò tán lójú rẹ. O ò gbé ìpè ìyá rẹ ní Akẹ̀sán mọ́, o wá ń béèrè bóyá ọ̀lẹ ló wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ìgbà òtútù tó mú èmi náà. Ìgbà òtútù méje ni mo lò nílùú yẹn kí n tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ.

Òtútù nìkan ni gbogbo wa ń múra sílẹ̀ fún. A ra kóòtù, a ra ìbọ̀wọ́. Ìmọ́lẹ̀ ni kò sí, kò sì sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi. Nílé níbí, ọyẹ́ ìbáà máa fẹ́, òjò ìbáà máa rọ̀, ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún kò fi ju bíi wákàtí kan lọ ju èyí tó kúrú jù. Ní Aberdeen, tó bá di ìparí oṣù kejìlá, aago mẹ́sàn-án á kù díẹ̀ kí oòrùn tó yọ, yóò sì ti wọ̀ láago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán. Kò pé wákàtí méje.

Èmi tún wá ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Láago mẹ́jọ àárọ̀ tí mo bá jáde, òkùnkùn. Màá délé, màá fa kọ́tìnì, màá sùn. Tí mo bá jí láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òkùnkùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lè kọjá tí n kò fojú kan oòrùn. Búrẹ́dì àti ìrẹsì ni ọkàn mi ń fà sí ṣáá, aṣọ kò gbà mí mọ́, ìwẹ̀ lásán di iṣẹ́ ńlá.

Màmá mi gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, wọ́n ní, “Ta ni ẹ jọ ní gbólóhùn asọ̀ kí o tó lọ?” Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ òru orí fóònù nìyẹn, ọjọ́ mọ́kànlélógún, ní àwọn alẹ́ tí n kò lọ síbi iṣẹ́. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àdúrà, mo ṣì ń gbà á títí dòní. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba oorun alẹ́ tó ṣẹ́ kù fún mi ni a fi ṣe é. Nígbà tí máńgòrò ń já ní Ògbómọ̀ṣọ́, ara mi yá, a ṣe ìdúpẹ́. Oṣù kọkànlá dé, ó tún padà. Ọdún kẹta ni mo tó ṣàkíyèsí pé Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, tí wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn, ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀sán bá sì ti ń gùn ni ó ń lọ.

Nọ́ọ̀sì kan níbi iṣẹ́ ló fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà sọ pé láti 1984 tí Norman Rosenthal, dókítà àrùn ọpọlọ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ nípa rẹ̀ ni ó ti ní orúkọ tirẹ̀: “seasonal affective disorder”, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń bá ìgbà kan lọ́dún wá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Tí kò bá wọlé, aago inú ara á ṣìnà.

Àpótí ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rà, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 10,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀). Bí mo bá ti jí, màá jókòó níwájú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, màá lajú sílẹ̀ ṣùgbọ́n n kì í tẹjú mọ́ ọn, màá máa mu tíì mi. Gílóòbù inú ilé kò súnmọ́ agbára yẹn rárá. Oṣù kẹsàn-án ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó gbé mi ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń dùn ọ́, tàbí tí ìgbà kan bá wà rí tí o kò sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí kò sì rẹ̀ ọ́, tí ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ, tí o ń náwó bí omi, rí dókítà kí o tó tàn án.

Lẹ́yìn náà mo fi iṣẹ́ òru sílẹ̀. Owó mi dínkù, mo sunkún lé e lórí. Àmọ́ òun gan-an ló gbà mí ju gbogbo ìyókù lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde lọ́sàn-án, kódà bí àwọsánmà bá bolẹ̀, nítorí ìta tó ṣú ṣì mọ́lẹ̀ ju inú yàrá lọ. Fítámìn D, máíkúrógíráàmù 10 lójúmọ́, ni ìjọba ibẹ̀ ní kí àwa aláwọ̀ dúdú máa lò yípo ọdún. Lò ó, torí egungun rẹ. N kò ní sọ fún ọ pé òun ló ń wo ọkàn sàn. Ọdún kẹrin, dókítà fún mi ní oògùn kún un. Mo lò ó fún oṣù mélòó kan, kò tì mí lójú.

Sọ òótọ́ fún ìyá rẹ. Èmi ń sọ pé “dáadáa ni” fún ọdún méjì, irọ́ yẹn ló tún dá mi wà sí i.

Bí ó bá wá sí ọ lọ́kàn pé kí o má wà láyé mọ́, má dúró di àárọ̀. Pe 116 123, àwọn Samaritans ni, ẹgbẹ́ tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ìdààmú ọkàn bá, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e, wọn kì í gbowó.

Ṣé iṣẹ́ òru ni ìwọ náà ń ṣe? Dá mi lóhùn lórí ìyẹn ná, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.