Ìwé ẹ̀rí CNA mi kú nígbà tí mo ń tọ́jú màmá mi l'Ábẹ́òkúta: kí ni ṣíṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe iṣẹ́ CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó gba ìwé ẹ̀rí, ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Houston, ní Texas. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu màámi ni mo wálé sí Abẹ́òkúta. Ó ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin báyìí tó jẹ́ pé èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń gbé wọn dìde, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni ìwé ẹ̀rí mi kú. Ẹnì kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ní òun á bá mi sọ ọ́ dọ̀tun láti ibí, kí n ṣáà mú owó wá. Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà ni mo ní, lẹ́yìn Kérésì ni mo fẹ́ padà. Àbúrò mi obìnrin ni yóò gba màámi mọ́ra. Ṣé gbogbo ìtọ́jú tí mo ṣe yìí kò ní wọlé fún mi níbi ìwé náà ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Kò ní wọlé fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà lẹ ń ṣe. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó gbé ètò CNA kalẹ̀, ìyẹn OBRA ti ọdún 1987, kò béèrè bóyá èèyàn wẹ aláìsàn. Ohun tó béèrè ni bóyá wọ́n sanwó fún un. Ẹni tó bá lo oṣù 24 léraléra láìṣe iṣẹ́ ìtọ́jú olówó kankan gbọ́dọ̀ tún ìdánwò ṣe, tàbí kó tún ẹ̀kọ́ àti ìdánwò ṣe pa pọ̀. Oṣù 28 ni tiyín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìṣirò ṣe nìyí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìwé ni wọ́n ń wò, wọ́n á ní "oṣù márùn-ún péré ló ṣì jẹ́". Ọjọ́ tẹ́ ẹ gba owó iṣẹ́ gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ máa kà. Ká ní ẹ ṣì wà láàárín oṣù 24 yẹn ni, ẹ̀rí iṣẹ́ tí ọ̀gá yín fọwọ́ sí àti ẹ̀rí wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ̀ bá máa kó jọ: wákàtí 24 láàárín ọdún méjì ní Texas. Ọ̀rọ̀ yìí náà ló máa ń dé bá àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé àdáni ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gba owó ní ìdákọ́ńkọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n gbowó, ṣùgbọ́n kò sí W-2, ìyẹn ìwé owó orí tí agbanisíṣẹ́ ń fúnni lọ́dọọdún, kò sí pépà owó oṣù, kò sí ohun tí wọ́n lè fi hàn.

Ní ti ẹni Pánṣẹ́kẹ́ yẹn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Lórí ìkànnì ìjọba ni wọ́n ti ń ṣe é, TULIP ni Texas ń lò, orúkọ yín lẹ ó sì fi wọlé fúnra yín. Òfin àpapọ̀ kò gba ìjọba ìpínlẹ̀ láyè láti gbowó lọ́wọ́ èèyàn torí pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn CNA. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀kọ́ orí fóònù ló fẹ́ tà fún yín, ẹ̀kọ́ CNA kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 75, 16 nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níṣojú nọ́ọ̀sì. Ìdánwò ọwọ́ pàápàá, nọ́ọ̀sì tó gbàwé ló gbọ́dọ̀ dúró ti èèyàn kó sì máa wò ó. Ta ni yóò ṣe ìyẹn fún yín láti Pánṣẹ́kẹ́? Pépà tó bá kó lé yín lọ́wọ́, ilé ìtọ́jú kankan kò ní wò ó. Orúkọ yín ni wọ́n ó wá nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan aláìsàn.

Àwọn nǹkan kan wà tẹ́ ẹ lè ṣe láti ibí. Ẹ wá orúkọ yín lórí ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ Texas, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́. Ẹ wò ó dáadáa bóyá bí orúkọ yín ṣe wà níbẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà. Àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú jù: Oluwaseun nínú ìwé kan, Seun nínú èkejì, orúkọ ọkọ nínú ẹ̀kẹta. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá bára mu, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò ni wọ́n ti ń dá a padà, owó rẹ̀ sì lè bá a lọ. Ẹ tún un ṣe nísinsìnyí. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lórí ímeèlì, kẹ́ ẹ béèrè ohun kan pàtó: fún ẹni tó ti lé ní oṣù 24, ṣé ìdánwò nìkan ni, àbí ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìdánwò? Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yan èyí tó wù ú, ìdáhùn tó wà lákọsílẹ̀ sì sàn ju ti orí fóònù lọ. Tẹ́ ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ pè wọ́n, ẹ dúró di aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀sán. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Abẹ́òkúta, òru dúdú ni ní Houston.

Ẹ má rò pé ẹ ó gba ìpínlẹ̀ míì wọlé. Ìwé tó wà láàyè ni wọ́n máa ń gbà láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ̀kọ́ tàbí ti ìdánwò, ẹ kọ́kọ́ wá iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú arúgbó tó ń gba owó Medicare tàbí Medicaid, ìyẹn ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, tó bá ti gbà yín síṣẹ́ tàbí tó ti ṣèlérí iṣẹ́ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó ẹ̀kọ́, owó ìwé tàbí owó ìdánwò lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ti fi owó ara yín san án, tẹ́ ẹ wá ríṣẹ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù 12 lẹ́yìn tẹ́ ẹ parí, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣètò bí owó náà ṣe máa padà sọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ má sọ rìsíìtì nù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí, àwọn agbanisíṣẹ́ kì í sì í pariwo rẹ̀.

Ìdánwò ọwọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù, kì í ṣe ti ìwé. Ọdún méjì tẹ́ ẹ fi dá tọ́jú màmá ti kọ́ yín ní àṣà ilé. Ẹ kì í kan ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó wọlé bá wọn, ẹ kì í sọ orúkọ yín, ẹ kì í fa kọ́tìnnì. Nínú ìdánwò, máàkì ni gbogbo ìyẹn. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi bẹ́ẹ̀lì ìpe nọ́ọ̀sì sí ibi tí ọwọ́ aláìsàn ti lè tó o. Ohun táwọn tó mọ iṣẹ́ dáadáa ń gbàgbé nìyẹn.

Ẹ máa fi màmá dánra wò, tí wọ́n bá gbà. Tí ẹ bá ń wọṣọ fún wọn, apá tí àrùn mú ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá ń bọ́ ọ, apá tó lágbára ló ń kọ́kọ́ jáde. Tí ẹ bá fẹ́ gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga oníkẹ̀kẹ́, ẹ gbé àga sí ìhà tó lágbára, kẹ́ ẹ ti bíréèkì rẹ̀. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ abíyá wọn láti fà wọ́n dìde bá a ṣe máa ń ṣe nílé: èjìká tí rọpárọsẹ̀ ti mú tètè ń yẹ̀. Bẹ́líìtì ni wọ́n ń lò. Ẹ lè fi ọ̀já tó le dáadáa kọ́ ọwọ́ yín: ẹ dè é mọ́ ìbàdí wọn lórí aṣọ, kó fún débi tí ìka á ṣì lè wọ abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dì í mú láti ìsàlẹ̀.

Ẹ ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù lọ́rùn ọwọ́ wọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ má ka ìlàjì kẹ́ ẹ sọ ọ́ di méjì. Nínú NNAAP, ìyẹn ìdánwò CNA tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò, iye tẹ́ ẹ kọ kò gbọ́dọ̀ fi ju 4 lọ yàtọ̀ sí ti olùdánwò. Tí ẹ bá wọn ìtọ̀ nínú kọ́ọ̀pù, kò gbọ́dọ̀ fi ju mílílítà 25 lọ yàtọ̀. Ìwọ̀n ìpínlẹ̀ tiyín lè yàtọ̀, ẹ wa ìwé ìlànà wọn jáde.

Ọwọ́ fífọ̀ wà lára ibi tí àwọn èèyàn ti ń jákulẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn. Ẹ fi ọṣẹ ha ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 ó kéré tán, kí ìka dojú kọ ìsàlẹ̀, ẹ fi pépà nù ún, kẹ́ ẹ wá fi pépà míì tó gbẹ ti ẹ̀rọ omi pa. Ẹni tó ti ń fi kọ́ọ̀pù bu omi láti inú dírọ́ọ̀mù fún ọdún méjì, ọwọ́ rẹ̀ á ṣèèṣì mú ẹ̀rọ náà lójijì. Ẹ wá ilé tí omi ẹ̀rọ ń yọ, kẹ́ ẹ dánra wò níbẹ̀.

Òfin fún yín láyè ìdánwò ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán.

Ó ku ohun kan. Ilé ìtọ́jú á yẹ̀ yín wò fún ikọ́ ife. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n gún fún wa ní kékeré lè jẹ́ kí àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe lára awọ ara wú bíi pé ẹ ní àrùn náà, wọ́n á sì gbé yín lọ ya fọ́tò àyà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti gba BCG, kẹ́ ẹ sì ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́. BCG kì í da ìyẹn rú.