Èsì: Àpótí tí ẹ kò rí lára òkè

Ẹ kú àárẹ̀ òkè. Ìbéèrè yín dá lórí geocaching, eré tí àwọn kan ti ń fi àpótí pamọ́, tí àwọn mìíràn sì ń fi fóònù wá a. Bí ó bá ti ku nǹkan bíi mítà 10 kí ẹ dé ibi tí àpótí wà, ẹ má tẹ̀ lé fóònù mọ́. Ojú àti ọwọ́ yín ni kí ẹ fi wá a.

Ẹ ní fóònù sọ pé ẹ ti débẹ̀, síbẹ̀ ẹ wá àpótí náà títí láìrí i. Ògiri àpáta ni ó fà á: ó ń dí ojú ọ̀run, ó sì ń ta àmì sátẹ́láìtì padà, bẹ́ẹ̀ GPS, ètò inú fóònù tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí a wà, nílò ó kéré tán sátẹ́láìtì 4 kí ó tó lè mọ ibi tí ẹ wà àti bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú bíi ti Ìkòròdú wa níbí, àṣìṣe mítà díẹ̀ kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n lára òkè, ó lè jẹ́ pé òkè orí yín gan-an ni àpótí náà wà.

1. Ẹ jáde síbi tí ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó wo ìhà tí fóònù ń tọ́ka sí.
2. Ẹ wá ohun tí ó jọ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, bí òkúta tí a tò tàbí igi tí a fi dí ihò.

Èyí wúlò bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i láìpẹ́ yìí. Bí àwọn tó lọ kẹ́yìn kò bá rí i, ó ṣeé ṣe kí òjò ti gbé e lọ. Bí ẹni tó fi àpótí náà pamọ́ bá sì kọ 5, èyí tó le jù nínú ìwọ̀n 1 sí 5, sí i fún líle ọ̀nà, ẹ má gùn ún láìsí okùn àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.