Ẹgbẹ́ wo ló borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú Bristol ní England lọ́dún 2024?

Ẹgbẹ́ Green ló ṣe ipò kìíní, àmọ́ ìjókòó wọn ò tó láti dá ṣàkóso. Ìjókòó 70 ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà; ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dá pàṣẹ gbọ́dọ̀ ní 36. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún tán, Green ní 34, Labour 21, Liberal Democrats 8, Conservative 7. Ìjókòó méjì péré ló já wọn kulẹ̀!

Ní 2021, ńṣe ni Green àti Labour ta ọ̀mì, 24 sí 24. Conservative ló fara gbá jù, torí 14 ni wọ́n ní nígbà yẹn.

Má wulẹ̀ wá orúkọ méyọ̀ nínú èsì yìí o. Ní 2022 ni àwọn ará ìlú ti dìbò pé kí wọ́n fagi lé ipò méyọ̀ tí aráàlú ń yàn. Nígbà tí sáà Marvin Rees, méyọ̀ tó wà níbẹ̀, parí ní 2024, àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké tí kánsílọ̀ oríṣiríṣi ẹgbẹ́ jọ ń jókòó sí ló gba iṣẹ́ náà. Tony Dyer ti ẹgbẹ́ Green ni wọ́n fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìlú.

Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀ náà lè dìbò ìgbìmọ̀ ìlú, torí Nàìjíríà wà nínú àjọ Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Kó ṣáà ti forúkọ sílẹ̀, kó sì mú káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání.