Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ètò mi máa ń kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í kú níwájú gdb

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo kọ ètò kan ní C++ tó ń gba ìwé ìsanwó àwọn oníbàárà wọlé, thread mẹ́rin (ọ̀nà iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò kan) ló ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Dáadáa ló ń ṣiṣẹ́, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó máa ń kú lójijì, tí á kọ "Segmentation fault" sílẹ̀, ìyẹn ni pé ó fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí. Tí mo bá ṣí i nínú gdb, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe inú ètò, kò ní kú. Mo fi printf sí i káàkiri, kò kú. Ẹnì kan ní kí n lo `record` inú gdb, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, kò sì pẹ́ tí gdb fi ní òun ò mọ instruction (àṣẹ CPU) kan, 0xc5. Linux inú VirtualBox (ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà kejì nínú kọ̀ǹpútà) ni mo ń lò lórí láptọ́ọ̀pù Windows. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, printf tí o fi kún un gan-an ló lé bug náà sá pamọ́. Thread tó bá fẹ́ tẹ nǹkan jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba lock, ohun tí thread kan ṣoṣo lè dì mú lẹ́ẹ̀kan, lock kan náà sì ni gbogbo wọn ń dù. Wọ́n wá ń dúró de ara wọn níbi tí wọn kì í ti í dúró tẹ́lẹ̀, àyè tí àṣìṣe náà ń gbà yọjú sì dí. Gdb náà ń da àsìkò wọn rú lọ́nà tirẹ̀.

Irinṣẹ́ tí o nílò ni èyí tó lè mú ìgbà kan ṣoṣo tí ètò náà kú, kó tọ́jú rẹ̀ pamọ́, kí o lè máa tún un wò títí yóò fi yé ọ. Fún C àti C++ lórí Linux, rr ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn lò. Mozilla ni wọ́n ti ṣe é, bug inú Firefox ni wọ́n fẹ́ fi máa wá. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé, ọ̀fẹ́ sì ni.

Má rò pé fídíò ló ń ká sílẹ̀ o, bíi góòlù tí wọ́n ń tún fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ètò rẹ gan-an ni yóò tún ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí CPU bá gba nǹkan kan náà tó sì tẹ̀lé àṣẹ kan náà, ibì kan náà ni yóò já sí. Ohun tó ń mú kí òní yàtọ̀ sí àná ni ohun tó ń ti ìta wọlé: ohun tí kernel (ọkàn Linux) dá padà nígbà tí ètò rẹ ka fáìlì tàbí socket, ohun tí aago sọ, signal tó já wọlé, àti ibi tí wọ́n ti dá thread kan dúró kí òmíràn lè bọ́ sípò. Ìwọ̀nyí ni rr ń kọ sílẹ̀. Ìṣirò tí ètò rẹ ń dá ṣe láàárín wọn kò kàn án, torí bákan náà ni yóò tún rí.

Ti ibi tí thread ti dúró ló le jù. Ìlà kóòdù nìkan kò tó láti fi dá ibẹ̀ mọ̀, nítorí thread lè ti yípo orí ìlà kan náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà nínú loop. Kántà kan wà nínú CPU fúnra rẹ̀ tó ń ka iye ìgbà tí ètò ti dé oríta, níbi tó ti ní láti pinnu bóyá kó yà tàbí kó máa lọ tààrà. Iye yìí ni rr ń kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú àwọn register, àyè kéékèèké inú CPU tó ń di iye mú. Nígbà àtúnwò, á jẹ́ kí ètò náà sáré dé ìtòsí iye náà, á wá máa sún un síwájú ní instruction kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bá ibẹ̀ gẹ́lẹ́.

Kántà yìí náà ni kò ní jẹ́ kí rr ṣiṣẹ́ nínú VirtualBox rẹ, torí VirtualBox kì í fi í han Linux tó wà nínú rẹ̀. KVM àti VMware, tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú VirtualBox, ń fi í hàn. Èmi ò bá kúkú gbé Linux sórí ẹ̀rọ tààrà, kódà kó jẹ́ dẹ́sítọ́ọ̀pù àlòkù tó ní Intel. AMD Zen náà ń gbà, ṣùgbọ́n ó ní ìtò kékeré kan tí o ní láti kọ́kọ́ ṣe, rr fúnra rẹ̀ á sọ fún ọ. Bí rr bá ṣàròyé pé òun ò rí àyè dé ọ̀dọ̀ kántà, fún un láyè báyìí:

`sudo sysctl kernel.perf_event_paranoid=1`

Ní ti `record` inú gdb, kò sí ohun tó ṣe ọ́. Ó ti wà láti gdb 7.0 ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n instruction kọ̀ọ̀kan ló ń dúró lé lórí láti kọ ohun tó yí padà sílẹ̀. Bí kò bá sì jẹ́ pé o yí i padà, instruction 200,000 tó kẹ́yìn nìkan ló ń fi sọ́kàn, èyí tí CPU ń tán kí èèyàn tó ṣẹ́jú. 0xc5 tí o rí yẹn, AVX ni, àwọn àṣẹ CPU tó ń ṣiṣẹ́ lórí iye púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn iṣẹ́ tó wọ́pọ̀ bíi memcpy (tó ń da ohun inú mẹ́mọ́rì kọ síbòmíràn) ń lò ó lábẹ́lẹ̀, nítorí náà ó lè dá ọ dúró kí o tó rìn jìnnà. Fi í sílẹ̀.

Fi `-g` kọ́ ètò rẹ, kí gdb lè mọ ìlà kóòdù rẹ, kí o wá ṣe báyìí (ká ní `idanwo` ni orúkọ ètò náà):

`while rr record --chaos ./idanwo; do :; done`

Àṣẹ yìí á máa ṣe é lọ títí ètò náà yóò fi kú. Má ṣe yọ `--chaos` kúrò. Orí core (ẹ̀ka CPU tó ń ṣiṣẹ́) kan ṣoṣo ni rr máa ń kó gbogbo thread sí, kí wọ́n máa ṣe é ní ìtẹ̀léra, bug rẹ sì lè fara pamọ́ nítorí bẹ́ẹ̀. `--chaos` ló ń da ìtẹ̀léra náà rú, tó ń fi ẹnì kan dúró pẹ́, tó ń sáré ti òmíràn síwájú. Máa yẹ `~/.local/share/rr` wò, torí gbogbo ìgbà tí kò kú náà ló ń kó jọ síbẹ̀, wọ́n á sì gba àyè.

Tó bá ti kú, tẹ `rr replay`. Ojú gdb tí o mọ̀ náà ni wàá rí. Ká ní ibi tó kú sí ni `iwe->onibara->oruko`:

```
(rr) continue
Program received signal SIGSEGV
(rr) print iwe->onibara
$1 = (Onibara *) 0x0
(rr) watch -l iwe->onibara
(rr) reverse-continue
```

Tí reverse-continue àkọ́kọ́ bá tún fi SIGSEGV yẹn (signal segmentation fault náà) hàn ọ́, tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà á dúró sórí ìlà tó kọ òdo sínú pointer yẹn (ohun tó ń di àdírẹ́sì mẹ́mọ́rì mú) gan-an, kódà kó jẹ́ thread mìíràn ló kọ ọ́, kó sì ti pẹ́ kí ètò tó kú. Tẹ `backtrace`, wàá rí ẹni tó pè é. Rántí pé ẹ̀yìn lò ń lọ: ohun tí gdb pè ní "Old value" ni ó kẹ́yìn, "New value" ni ó ṣáájú. Èyí máa ń rú àwọn èèyàn lójú.

`-l` yẹn ṣe pàtàkì. Ó ń sọ fún gdb pé àdírẹ́sì inú mẹ́mọ́rì ni kó ṣọ́, kì í ṣe orúkọ `iwe`, torí orúkọ náà kò ní ìtumọ̀ mọ́ bí o bá ti padà sẹ́yìn kọjá ibi tí function yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Àdírẹ́sì náà kì í yí padà láti àtúnwò kan sí èkejì, nítorí náà o lè kọ ọ́ sínú ìwé lónìí, kí o padà wá bá a lọ́la.

CPU kankan kì í ṣiṣẹ́ sẹ́yìn o. Rr kàn ń tọ́jú àwòkọ ètò náà ní ojú ọ̀nà ni. Bí o bá ní kó padà, á mú àwòkọ tó ṣáájú, á tún ṣe é síwájú títí dé ibi tí o fẹ́. Ìdí nìyẹn tí reverse-continue fi máa ń pẹ́ díẹ̀ nígbà mìíràn.

Ohun tí rr kò lè bá ọ ṣe: bí bug náà kò bá lè ṣẹlẹ̀ àfi tí core méjì bá ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ kan náà, kò ní rí i mú. Fún irú ìyẹn, fi `-fsanitize=thread` kọ́ ètò náà, kí o dán an wò láìlo rr. Bákan náà, bí ètò rẹ bá ń pín mẹ́mọ́rì pẹ̀lú ètò mìíràn tí rr kò ká mọ́ ọn, àtúnwò lè yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, torí pé owó àwọn èèyàn lò ń bá ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tí ètò rẹ kà wọlé ló wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn: nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ, ọ̀rọ̀ aṣínà. `rr pack` ni wọ́n fi ń dì í kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Oníbàárà àfọwọ́ṣe ni kí o fi ṣe ìdánwò náà.